Ilé Oníyàrá Mẹ́fà àti Ọ̀gá Tí Kò Fẹ́ Àlàfo

Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Adelé Ọ̀gá Àgbà Ilé Iṣẹ́ Ìwé Àfọwọ́kà nígbà náà, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni òdòdó. Inú ìkòkò ló wà, orí àpótí gíga kan ni ìkòkò náà wà, ewé rẹ̀ sì gbòòrò dáadáa. Wọn ò gbé e síbẹ̀ torí ẹwà. Wọ́n gbé e síbẹ̀ kó lè bo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lára ilẹ̀kùn, ìyẹn "Adelé". Tí ewé bá ti bo "Adelé", "Ọ̀gá Àgbà" nìkan ló kù tí ojú lè rí, ọkàn ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà á sì balẹ̀. Nígbà kan tí akọ̀wé gbàgbé láti bomi rin òdòdó yìí, tí ewé rẹ̀ sì rọ, Ọ̀gá bá a wí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní ó ti tú ìjọba síhòòhò.

Ẹ má rò pé à ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin náà lẹ́yìn o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn yìí kiri báyìí, á sì máa fọwọ́ gbá eékún bó ṣe ń sọ ọ́. Tí a bá fẹ́ fo ibi tí ìtìjú pọ̀ sí, á ní ká padà. "Ẹ sọ ti òdòdó yẹn," ni yóò wí. "Ẹ má dáàbò bò mí. Òdòdó yẹn gan-an ni mí."

Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ni láti sọ ìwé di ohun tí ẹni tí kò ríran lè fi ìka kà. Wọ́n á tẹ kókó kéékèèké sára pépà tó nípọn, òǹkàwé á sì máa fi ìka wá wọn kiri. Bíréèlì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ wà nísàlẹ̀, àwọn ọ́fíìsì wà lókè, àtẹ̀gùn onípákó tó ń ké bí ológbò ló sì so méjèèjì pọ̀. Ọ̀gá kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ. Ó ní ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kóun gbọ́ ohùn ara òun.

Ohun tí ọkùnrin yìí kórìíra jù láyé ni àlàfo. Tí àga kan bá ṣófo nípàdé, a jẹ́ pé ìpàdé ò ní bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àfi kí wọ́n wá ẹnìkan fi dí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni kan tó wá tún páìpù omi ṣe ṣe bá ara rẹ̀ nínú ìpàdé ètò ìnáwó, tó gbé sípánà lé itan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì tún kín àbá kan lẹ́yìn. Nígbà tí olùyẹ̀wò ìwé, bàbá kan tí kò ríran, fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá ò lè fara da àga rẹ̀ tó ṣófo. Ó mú àbúrò ìyàwó Igbákejì rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ọmọkùnrin náà ríran kedere. Kò mọ bíréèlì kankan. Àmọ́ ó sanra, ó sì dí àga náà dáadáa.

Láràárọ̀, tí Ọ̀gá bá ti ń gun àtẹ̀gùn, Igbákejì á dúró lókè, á ké tantan: "Ọ̀gá dé!"

Àwọn òṣìṣẹ́ á dáhùn láti inú yàrá gbogbo: "Ilé kún!"

"Ó kún dé ibo?"

"Ó kún dé òrùlé!"

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá á tó gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Tí ìdáhùn ò bá rinlẹ̀ tó, á sọ̀ kalẹ̀, á sì tún un gùn.

Wàyí o, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ náà ránṣẹ́ pé Alága wọn ń bọ̀ wá ṣí ẹ̀rọ tuntun. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí. Láti kékeré ni kò ti ríran, ìka ló sì fi ka gbogbo ẹjọ́ tó dá. Wọ́n ní òun ni yóò tẹ́tí sí iṣẹ́ ilé náà, tí yóò sì fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ bóyá wọ́n á yọ "Adelé" kúrò lára ilẹ̀kùn, tàbí wọ́n á yọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè fún: ìwé tuntun kan tí wọ́n tẹ̀, kóun lè kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn àlejò.

"Ìwé wo la máa fún wọn?" ni Ọ̀gá bi Igbákejì rẹ̀.

"Ìwé kíkà àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti wà nílẹ̀, sà."

Ọ̀gá wò ó títí. Ojú Igbákejì là wàì. "Àbí… àbí ká kúkú tẹ ìtàn ìgbé ayé yín, sà?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o," ni Ọ̀gá wí. "Ìwọ lo sọ ọ́. Ẹ gbọ́, òun ló sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ohun tí ará ìlú fẹ́ nìyẹn, ta ni mo jẹ́ tí màá fi kọ̀ ọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni Igbákejì ṣe jókòó kọ ìwé tó pè ní *Ẹni Tó Kún*. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ rèé: "Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òjò tó ti ń rọ̀ láti àárọ̀ dá wáí, kó má bàa bo igbe rẹ̀ mọ́lẹ̀." Ìyá tó bí Ọ̀gá ṣì wà láàyè, ó sì máa ń sọ pé oòrùn ló ń mú gan-an lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀gá wá lọ sọ́dọ̀ Ẹnjiníà kọ̀ǹpútà kó lè wo bí orúkọ òun ṣe máa rí ní bíréèlì. Obìnrin kan ni Ẹnjiníà yìí. Kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín tí kò ti inú rẹ̀ wá. Awakọ̀ Ọ̀gá tẹ̀ lé e wọlé, ó di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ sún mọ́ kọ̀ǹpútà yìí díẹ̀. Kò le rárá. Ẹni tó bá ti wá ojúlé ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ládùúgbò tí kò mọ̀, ó ti mọ ìdajì rẹ̀.

"Ẹ wò ó, sà," ni Ẹnjiníà wí. "Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dà bí ilé kékeré kan tó ní yàrá mẹ́fà, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún. Kókó ń gbé inú yàrá mìíràn, yàrá mìíràn sì ṣófo. Yàrá tí kókó wà àti yàrá tó ṣófo la fi ń dá lẹ́tà kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì."

"Ó ṣófo?" Ara Ọ̀gá bù máṣọ.

"Ó ṣófo, sà. Àwọn òrùka kéékèèké tí ẹ ń wò yẹn ni yàrá tó ṣófo. Kọ̀ǹpútà kàn yà wọ́n ká lè rí ibi tí wọ́n wà ni. Wọn kì í jáde lára pépà." Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ò mọ kókó. Nọ́ńbà ló mọ̀. A wá fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Lápá òsì, ti òkè jẹ́ ọ̀kan, ti àárín jẹ́ méjì, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Lápá ọ̀tún, ti òkè jẹ́ mẹ́jọ, ti àárín jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Yàrá tí kókó bá wà, ẹ mú nọ́ńbà rẹ̀. Èyí tó bá ṣófo, ẹ fò ó. Ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni nọ́ńbà ojúlé lẹ́tà yẹn."

"Ojúlé níbo?"

"Nínú kọ̀ǹpútà, sà. Àdúgbò kan wà tó jẹ́ ti bíréèlì nìkan, ọ̀kan náà ni nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ayé. Torí pé nọ́ńbà yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣíwájú rẹ̀, kò sí ilé méjì tó yàtọ̀ síra tí iye wọn á fi dọ́gba láéláé. Torí náà, tí mo bá fi ojúlé kan ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀, kò lè ṣìlé."

Ó dára tàbí kò dára? Ẹ fún Ẹnjiníà ní àtẹ́wọ́. Olùkọ́ ló yẹ kó jẹ́. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti dẹ́kun gbígbọ́ látìgbà tó ti rí nọ́ńbà.

"Lẹ́tà tó ṣíwájú orúkọ mi ńkọ́? A?"

"Kókó kan ló ní, yàrá òkè lápá òsì. Iye rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan."

"Ọ̀kan nínú mélòó?"

"Tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nínú mẹ́tàlélọ́gọ́ta, torí òun ni iye ilé tí yàrá rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kún. Ṣùgbọ́n sà, kì í ṣe…"

Ọ̀gá ò gbọ́ "ṣùgbọ́n". Ó ti fa àga, ó ti jókòó. Ó dà bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ èsì ìdánwò mọ́ ògiri níwájú rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni Awakọ̀ na ọrùn. "Ẹnjiníà, ẹ bá mi wo tèmi. Y ni orúkọ mi fi bẹ̀rẹ̀."

"Y? Kókó márùn-ún ló ní. Yàrá àárín lápá òsì nìkan ló ṣófo. Ọ̀kan, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, méjìlélọ́gbọ̀n… mọ́kànlélọ́gọ́ta."

Awakọ̀ rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó fẹ́ tù ú nínú. "Kò burú, sà," ló wí. "Ẹ lè tún ìdánwò náà ṣe."

"Jáde!" ni Ọ̀gá wí. Lẹ́yìn náà ló wá tọ́ka sí ààrin orúkọ rẹ̀ méjèèjì. "Èyí tí kò ní nǹkan kan yìí ńkọ́?"

"Àlàfo ni, sà. Ilé tó ṣófo pátápátá. Òdo ni iye rẹ̀, ilé tó ṣíwájú gbogbo àdúgbò náà sì ni. Òun ló ń jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí."

"Mo tún gba òdo," ni Ọ̀gá sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Lọ́nà ilé lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ọrùn Awakọ̀ ni Ọ̀gá ń wò. Lójú rẹ̀, ọrùn yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéraga.

Aránṣọ ni ìyàwó Ọ̀gá. Ó ń gé aṣọ lórí tábìlì oúnjẹ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé tó sì ń rojọ́. Kò gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

"Bàbá wọn, nọ́ńbà ojúlé lásán ni. Ojúlé kẹrìnlá ni tiwa. Ojúlé ọgọ́ta ni ti ọ̀gbẹ́ni tó ń mutí yó níwájú yẹn. Ṣé ó wá jù wá lọ ni?"

Ọkọ rẹ̀ bọ́ bàtà.

"Ṣé wọ́n lè yí tiwa padà?" ló wí.

Aránṣọ wò ó, ó mi orí, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀. "Ẹ wá jẹun jàre."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gá pe ìpàdé. Gbogbo àga ló kún. Ó dìde, ó fa táì rẹ̀ le, ó sì wú ikọ́ tí kò gbé e.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀yin tí mo fi òógùn mi rin! Ìwà ìkà kan wà nínú kọ̀ǹpútà wa. A ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láìmọ̀. Wọ́n ń fún lẹ́tà kan ní ọ̀kan, wọ́n ń fún èkejì ní mọ́kànlélọ́gọ́ta! Ta ló ṣètò rẹ̀? Ta ni A ṣẹ̀? Mo bi yín, kí ni A ṣe fún wọn?"

"Kò ṣe nǹkan kan!" ni Igbákejì kígbe. Omi lé róró sójú rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Láti òní lọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ mi gbọ́dọ̀ gba mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Igbákejì nawọ́ sókè. "Sà, tí orúkọ yín bá sanra, tí àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká sì rù, ṣé kò ní dà bíi pé ẹ̀ ń jẹun níṣojú ẹni tí ebi ń pa? Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìwé náà kún, sà."

"O rí i bí?" ni Ọ̀gá wí. "Ẹ rí i bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

"Àwọn òdo ńkọ́, sà? Òdo kún inú ìwé náà," ni Igbákejì wí.

"Òdo! Nínú ìgbé ayé mi! Ẹ dí gbogbo rẹ̀!"

Ẹnjiníà dìde. "Sà, tí ẹ bá fún gbogbo wọn ní nọ́ńbà kan náà, ojúlé kan náà ni gbogbo wọn á máa gbé. Ẹ̀rọ á tẹ ilé kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé ìparí. Kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan kà."

"Ìbáradọ́gba nìyẹn ń jẹ́, Ẹnjiníà," ni Ọ̀gá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Nínú ilé iṣẹ́ mi, lẹ́tà kan ò ní ju èkejì lọ mọ́."

"Òótọ́ ni, sà. Kò sì ní sí lẹ́tà mọ́."

"Ṣé mo lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ? Mo gbọ́ pé àwọn ilé oníyàrá mẹ́jọ wà ládùúgbò yẹn, tí èyí tó kún jù níbẹ̀ jẹ́ igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta."

"Wọ́n wà. Àmọ́ yàrá mẹ́fà nìkan ni ẹ̀rọ wa mọ̀ ọ́n tẹ̀."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó gba mẹ́tàlélọ́gọ́ta bí ọba tí wọ́n fún ní ìlú kékeré.

Ẹnjiníà ní ọwọ́ òun ò ní tẹ̀ ẹ́. Ó ní tó bá di dandan, kí Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó sì jẹ́ kí ẹni tó mọ bíréèlì fìka kà á kó tó kúrò nílé. Ọ̀gá rọ́wọ́ aṣọ sókè. Níbi àtẹ tí nọ́ńbà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ ẹẹ́fà, ó ń wá ẹẹ́ta kiri, ó ń tẹ òun náà. Bó bá ti parí ti lẹ́tà kan, àwọn òṣìṣẹ́ á pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dé orí àlàfo, tó pa òdo rẹ́, tó sì fi mẹ́tàlélọ́gọ́ta rọ́pò rẹ̀, Igbákejì kọrin. Èyí ni apá tí Ọ̀gá fẹ́ràn jù láti sọ lónìí. "Kò sẹ́ni tó tì mí," ni yóò wí. "Ìka mi yìí ni. Ẹ wò ó dáadáa."

Ẹ̀rọ tẹ ìwé náà, ó ń pariwo bí òjò orí páànù. Wọ́n gbé e fún Olùyẹ̀wò tuntun. Ó nà án síwájú, ó di ojú kan, ó sì fojú kejì wò ó bí kápẹ́ńtà tó ń wo pákó.

"Ó gún régé!" ló wí. "Ìlà kan ò wọ́. Kókó kan ò ju èkejì lọ. Látìgbà tí mo ti dé àga yìí, mi ò rí ìwé tó tò tó báyìí rí."

Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Alága jókòó níwájú. Màmá tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi àwọn olùkọ́ iléèwé àwọn tí kò ríran sí, torí Igbákejì ní wọn ò nílò ìjókòó tí wọ́n ti lè rí iwájú. Wọ́n pín ẹ̀dà *Ẹni Tó Kún* fún gbogbo wọn.

Ọ̀gá gun orí pèpéle. "Ìyá Alága, ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ̀yin ọmọ aráyé! Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí, kò tíì sí irú rẹ̀ rí. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí ìka yín jẹun yó!"

Ìka bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ti Alága rin ìlà kìn-ín-ní já, ó rin ìkejì, ó ṣí ojú ewé, ó rin ìkẹta. Ó dúró. Ó tún padà síbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá rí i. Ó rò pé ẹwà ọ̀rọ̀ ló mú màmá náà padà.

Nígbà náà ni ẹ̀rín kékeré kan sọ láti ẹ̀yìn. Olùkọ́ kan ló kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣí ìwé dé àárín, ó fìka kàn án, ó ṣí i dé ìparí, ó fìka kàn án, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń bọ̀ wá síwájú láti orí ìka kan sí òmíràn. Àwọn tó ríran ń wo ara wọn, wọn ò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá mọ̀ ní tirẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àpárá kan nípa ìgbà tó wà léwe ni. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún àpárá náà dá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Ó dá a lẹ́ẹ̀kẹta.

"Adelé," ni Alága wí. Kò pariwo, gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ní wọ́n kọ síbí?"

"Ìgbé ayé mi ni, Mà! Ẹ bá wa kà á sókè!"

"Ó dáa." Ó gbé ìka lé ìlà kìn-ín-ní. "Nígbà tí mo wà níléèwé, tí ọmọ kan bá ṣì í tẹ̀, kò sí bó ṣe lè pa á rẹ́, torí kókó ti yọ. Olùkọ́ wa á ní kó padà síbẹ̀, kó tẹ kókó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé e lórí, kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé àṣìṣe ni, kó fò ó. Ẹ ní kí n ka ìgbé ayé yín sókè. Mo ń kà á." Ìka rẹ̀ ń rìn. "Àṣìṣe. Ẹ fò ó. Àṣìṣe. Ẹ fò ó. Àṣìṣe. Ẹ fò ó." Ó ṣí ojú ewé. "Mo dé orí kejì."

Ẹ bá wa wá ibi tí Ọ̀gá máa gbé ojú sí. Kò sí. Ó wo Igbákejì, Igbákejì ń wo òrùlé. Ó wo Olùyẹ̀wò, ìyẹn ti sá lọ, àga rẹ̀ sì ṣófo níwájú gbogbo èèyàn.

Alága ní kí wọ́n mú òun lọ sí ọ́fíìsì, káwọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ewé gbá a lójú. Ó dúró. "Òdòdó wá ń ṣọ́ ilẹ̀kùn báyìí?" Ó ti ọwọ́ bọ àárín ewé, ó ń wá ilẹ̀kùn kiri. Ẹ wá rí nǹkan: nígbà tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n ti lẹ pátákó bíréèlì kékeré mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn. Òdòdó Ọ̀gá ti bo èyí náà mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ta ló rántí ìka?

Ìka Alága kàn án. Ó rin lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"'Adelé'," ló kà. "Èyí nìkan ni mo rí kà nínú gbogbo ilé yìí lónìí."

Ọ̀gá kúnlẹ̀. Kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Ẹ dìde, ọmọ mi. Mi ò bínú. Ẹ̀ ń bá wa delé, ẹ ò sì mọ iye yàrá tó wà níbẹ̀, òun ló dùn mí. Ẹ kó ẹrù yín. Ẹnjiníà á máa bójú tó ibí. Ẹ lọ kọ́ ọ. Ọjọ́ tí ẹ bá lè fìka ka ojú ewé kan láìṣìlé, ẹ padà wá bá mi."

Àná yẹn ni Igbákejì ṣì ń ké "Ọ̀gá dé!" Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dúró lókè àtẹ̀gùn, ó ké "Ẹnjiníà dé!" Ẹnjiníà béèrè bóyá nǹkan kan ń ṣe é.

Ọ̀gá jókòó sílé títí ó fi sú aránṣọ. "Bàbá wọn, wọ́n ní kí ẹ lọ kọ́ ọ. Ẹ lọ kọ́ ọ. Ẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́, gbogbo ẹnu ọ̀nà lẹ kún." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ sí kíláàsì àwọn olùbẹ̀rẹ̀, ní iléèwé àwọn tí kò ríran, lọ́sàn-án gangan. Olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Olùkọ́ wí. Ó fi aṣọ dì í lójú, ó sì gbé ìwé kan síwájú rẹ̀. "Ìwé tí gbogbo olùbẹ̀rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kò sí ohun tí ẹ máa kà níbẹ̀. Ẹ kàn fi ìka tẹ̀ lé ìlà láti òsì lọ sí ọ̀tún, kí ọwọ́ yín lè mọ ìlà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá irú rẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe fi ẹ̀dà púpọ̀ ta wá lọ́rẹ."

Ọ̀gá gbé ìka lé e. Kókó mẹ́fà. Kókó mẹ́fà. Kókó mẹ́fà. Ọ̀tún kò yàtọ̀ sí òsì, ìsàlẹ̀ kò yàtọ̀ sí òkè. Ó mọ ìwé náà.

"Kí lẹ fọwọ́ kàn?" ni Olùkọ́ béèrè.

"Òjò," ni Ọ̀gá wí. "Òjò tó dá lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi."

Ẹ̀rín tó ti ọ̀fun rẹ̀ jáde ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Olùkọ́ bá a rín in. Ọ̀gá nìkan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé tí gbogbo olùbẹ̀rẹ̀ ìlú náà ka ìwé rẹ̀ tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ó rin ìwé náà já ní ẹ̀ẹ̀mejì, lójoojúmọ́, títí Olùkọ́ fi gbé e kúrò níwájú rẹ̀, tó sì gbé pépà mìíràn síbẹ̀. "Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà lórí èyí. Ẹ wá a."

Ìka rẹ̀ jáde. Kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, bí ẹni wọ ilé tí iná ti lọ. Ó rọra ń lọ, pépà tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó tún ń lọ, ó wá kan kókó kékeré kan lókè lápá òsì. Ó wá abẹ́ rẹ̀: ó ṣófo. Ó wá ìsàlẹ̀: ó ṣófo. Ó rékọjá sápá ọ̀tún, ó wo yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Ó padà sórí kókó yẹn, ó sì dúró tì í.

"Kókó mélòó lẹ rí?"

"Ọ̀kan."

"Yàrá tó ṣófo ńkọ́?"

"Márùn-ún." Ó tún wọn kà, kò yára, ìka rẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. "Ká ní kò sí wọn ni, ǹ bá má dá a mọ̀."

"Ta ni, sà?"

Ọ̀gá tú aṣọ ojú rẹ̀. Ó wo kókó kan ṣoṣo yẹn lórí pépà funfun gbalaja.

"Èmi ni," ló wí.